Ta Ló Pa Òdòdó Ọlábímpé?

Gbòǹgbò náà bó lọ́wọ́ Dókítà Fẹ̀hìntọlá Mákánjúọlá bí èèpo ẹ̀pà sísè. Ó fi èékánná ìka méjì mú orí rẹ̀, ó fà á díẹ̀, awọ ìta sì yọ lódindi bí ìgbà tí ènìyàn bá bọ́ ìbọ̀sẹ̀. Okùn tẹ́ẹ́rẹ́ kan ló kù sí i lọ́wọ́. Ó gbé e súnmọ́ imú. Ó ń rùn bí ẹrẹ̀ tí wọ́n dé mọ́ inú garawa fún ọjọ́ mẹ́ta.

"Oró ni, àbí?" Ohùn Alàgbà Olúṣínà Adéṣígbìn ti ẹ̀yìn rẹ̀ wá. "Mo ti wí fún ọlọ́pàá. Mùsílíù ló da oró sí òdòdó ìyàwó mi."

Dókítà fi gbòǹgbò náà sínú ọ̀rá kékeré kan, ó dé ẹnu rẹ̀, ó kọ déètì sí i lára. Orí ìkúnlẹ̀ ló wà níwájú ilé kan ní Pearland, lẹ́bàá Houston, aago mẹ́sàn-án àárọ̀ Ọjọ́rú, oòrùn oṣù kẹrin sì ti ń jó o lẹ́yìn ọrùn.

"Ẹ tiẹ̀ sọ̀rọ̀, Dókítà."

"Ẹ jẹ́ kí n wò ó tán ná, sà."

Ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rin ni Dókítà Fẹ̀hìntọlá. Ọgbọ̀n ọdún ló fi ṣiṣẹ́ ní yàrá àyẹ̀wò kan ní Houston, níbi tí àwọn àgbẹ̀ àti olọ́gbà ti ń mú ewé tó ń ṣàìsàn wá kí wọ́n lè bá wọn wá ìdí rẹ̀. Ó ti fẹ̀yìn tì, ṣùgbọ́n àwọn ènìyàn kò jẹ́ kó sinmi. Bí dókítà ṣe ń bi aláìsàn léèrè ọ̀rọ̀, bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń bi ewé. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé ewé kì í purọ́.

Igi òdòdó asélíà mẹ́sàn-án ni Ọlábímpé, ìyàwó Alàgbà, gbìn sábẹ́ fèrèsé yàrá wọn. Ọmọ ìyá rodódẹ́ńdírọ́nì, igi òdòdó ilẹ̀ olókè tó tutù, ni asélíà, àyàfi pé òun lè fara da ooru Texas díẹ̀. Nígbà tí àìsàn dá obìnrin náà dùbúlẹ̀, orí ibùsùn ló ti ń wo òdòdó wọn títí ẹ̀mí fi bọ́ lára rẹ̀. Oṣù mẹ́rìnlá rèé. Nísinsìnyí mẹ́rin nínú wọn ti kú gbáú. Méjì ti sorí kọ́, ewé wọn ká jọ bíi sìgá. Mẹ́ta ló ṣì dúró.

Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta tó kọjá, Alàgbà rí ìgò oògùn apakoríko kan nínú ọkọ̀ Mùsílíù, ọkùnrin tó ń bá a gé koríko. Oògùn inú rẹ̀ ti dé ìdajì. Ó pe ọlọ́pàá. Ọlọ́pàá dé, ó ya fọ́tò ìgò, ó kọ orúkọ, ó ní kí Mùsílíù wá sọ tẹnu rẹ̀ ní àgọ́ ní ọjọ́ Ẹtì. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, ilé mẹ́ta ní òpópónà náà ti ní kó má wá gé koríko àwọn mọ́.

Bísọ́lá, ìyàwó Mùsílíù, ló wá kan ilẹ̀kùn Dókítà ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Apartment kan náà ni wọ́n jọ ń gbé ní àdúgbò Fondren ní Houston.

"Mummy, ẹ gbà wá," ó ní. Ó ti kúnlẹ̀ kó tó ráyè wọlé. "Wọ́n ní Mùsílíù fi oró pa òdòdó ẹni ẹlẹ́ni. Ìwé ìgbélùú wa ṣì wà níwájú ìjọba. Bí ẹ̀sùn bá lẹ̀ mọ́ ọn lára, kí la fẹ́ ṣe?"

"Ṣé ó da oró sí i?"

"Rárá, Mummy."

"Kí ló jẹ́ kó dá ẹ lójú?"

"Òun ló bá màmá yẹn gbẹ́ ihò tí wọ́n gbìn wọ́n sí. Ó máa ń kí àwọn òdòdó yẹn, Mummy. Mo ti bá a níbẹ̀ rí."

Dókítà ìbá ní kó lọ wá lọ́yà. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà tí kò tíì kúrò lọ́kàn rẹ̀. Ọdún kẹtàlá rèé, wọ́n mú ewé kan wá bá a. Ó wò ó lẹ́ẹ̀kan, ó kọ ọ́ sínú ìwé pé oró ni. Ìwé yẹn ni wọ́n fi lé ọkùnrin kan tó ń tọ́jú ọgbà kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Lẹ́yìn oṣù méjì ló tó hàn sí i pé àrùn ni. Ó kọ ìwé mìíràn, ó tọrọ àforíjì, ṣùgbọ́n ọkùnrin náà ti kó kúrò ní Houston, kò sì sẹ́ni tó mọ ibi tó gbà. Láti ọjọ́ náà, Dókítà kì í dá ẹjọ́ ewé kankan láìwo gbòǹgbò. Ìdí nìyẹn tó fi pe Alàgbà ní alẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun náà, ó ní òun fẹ́ wá wo òdòdó rẹ̀.

*

Alàgbà gbé ife omi tútù wá fún un. Ọkùnrin gíga ni, ó ti lé ní àádọ́rin ọdún, ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì tí wọ́n lọ̀ dáadáa. Ẹnjiníà ni kó tó fẹ̀yìn tì.

"Ẹ mu omi. Ṣé ọ̀nà dáa? Fíríwéè ò dí?"

"Ó dáa, sà." Ìgbà tó dé ló ti kọ́kọ́ bi í bẹ́ẹ̀, Dókítà kà á sí ìwà ọmọlúàbí.

Alàgbà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ nídìí ọ̀kan nínú àwọn igi tó ṣì yè, ó yí ewé rẹ̀ sódì. Ohùn rẹ̀ ga sókè. "Ẹ wá wo èyí! Dúdú tó kán sí i lára yìí, ṣé kì í ṣe oró nìyẹn?"

Dókítà mú awò kékeré tó ń sọ nǹkan di ńlá jáde nínú àpò, ó tẹjú mọ́ ọn. Ojú òkè ewé náà ti ní àmì funfun tótòtó, bí ẹni pé wọ́n fi abẹ́rẹ́ gún un níbi igba. Ní abẹ́ rẹ̀, nǹkan dúdú ń dán bí ọ̀dà, láàárín rẹ̀ ni àwọn kòkòrò kan wà tí wọn kò tó orí abẹ́rẹ́.

"Kòkòrò ni, sà. Ẹ gba awò. Ṣé ẹ rí ìyẹ́ wọn, bí aṣọ léèsì? Abẹ́ ewé ni wọ́n máa ń wà, wọ́n ń fa oje rẹ̀ mu. Dúdú tí ẹ rí yìí, ìgbẹ́ wọn ni."

"Àwọn ló pa á nígbà náà."

"Rárá. Wọ́n máa ń jẹ́ kí ewé ṣá ni, wọn kì í yára pa igi báyìí. Ẹ sì wò ó, ara àwọn mẹ́ta tó ṣì yè, tí oòrùn ń pa jù, ni wọ́n wà. Wọn ò sí lára àwọn tó kú. Ẹni tí kò sí níbi tí wọ́n ti pa ènìyàn kọ́ là ń wá."

Ó tún mú òdòdó kan tó ti gbẹ mọ́ ẹ̀ka, tó rí bíi bébà tó bọ́ sómi. Ìyẹn náà àrùn ni, àrùn tí í mú òdòdó asélíà rà ní oṣù kẹta, ṣùgbọ́n òdòdó nìkan ló ń jẹ. Kì í kan igi. Ó jù ú sínú ọ̀rá.

Ó wá jókòó lé gìgísẹ̀ rẹ̀, ó ń rò ó. Bí ẹnì kan bá da oògùn apakoríko síbẹ̀, koríko ni ì bá kọ́kọ́ kú. Koríko ìdí àwọn asélíà yìí kò kú. Ó tutù yọ̀yọ̀, bẹ́ẹ̀ koríko gbogbo òpópónà ti pọ́n, nítorí òjò kò rọ̀ láti ọjọ́ mẹ́rìnlélógún. Koríko kan tí ewé rẹ̀ jọ ti òfíò tiẹ̀ ti hù sáàárín wọn, irú èyí tó fẹ́ràn ibi tó bá rin. Ewé tuntun tí oògùn apakoríko bá sì bà jẹ́ máa ń rí tín-ín-rín, á sì ṣù jọ bí ìgbálẹ̀. Kò rí ẹyọ kan. Ó fi ọ̀bẹ họ èèpo ìdí ọ̀kan nínú àwọn tó kú: abẹ́ rẹ̀ pọ́n bí irin tó dípẹtà, láti ìsàlẹ̀, ó ń gòkè. Ìsàlẹ̀ ni ikú ti wọlé.

Ó ki ìka bọ ilẹ̀. Amọ̀ náà tẹ̀ bí ẹ̀kọ.

"Ta ló ń bomi rin wọ́n, sà?"

"Èmi ni. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, ní aago méje àárọ̀, bí Ọlábímpé ṣe kọ́ mi. N kì í jẹ́ kó di ẹ̀ẹ̀mejì." Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń búra.

"Ẹ̀rọ tó ń fọ́n omi fúnra rẹ̀ ńkọ́?"

"Mo ti ní kí Mùsílíù pa á láti ìgbà òtútù."

Dókítà wo ojú rẹ̀. Ó ti gbọ́ irọ́ púpọ̀ láyé rẹ̀, lẹ́nu olóko àti lẹ́nu ọlọ́jà. Èyí kì í ṣe ọ̀kan nínú wọn. Síbẹ̀, omi ẹ̀ẹ̀kan lóòjọ́ kò lè sọ ilẹ̀ di báyìí.

Alàgbà sìn ín dé ìdí ọkọ̀. "Ẹ ṣeun tí ẹ wá, Dókítà. Ṣé ọ̀nà dáa? Fíríwéè ò dí?"

Dókítà dúró díẹ̀, kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. "Ó dáa, sà," ó tún wí.

*

Mùsílíù ń nu ẹ̀rọ agékoríko rẹ̀ nínú ọgbà apartment nígbà tí Dókítà bá a. Kò sí ilé tó fẹ́ lọ gé lọ́jọ́ náà. Ó dọ̀bálẹ̀ kí i.

"Dìde. Ta ló ni ìgò yẹn?"

"Daddy Adéṣígbìn ló fún mi, Mummy. Wọ́n gbé e jáde láti gáréèjì ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn. Wọ́n ní, 'Bá mi gbé e lọ, Ọlábímpé ò fẹ́ rí i nílé yìí.'"

"Ọlábímpé wo?"

"Ìyàwó wọn."

"Èyí tó ti kú?"

Mùsílíù fọwọ́ pa ọrùn. "Mo rò pé bí àgbàlagbà ṣe ń sọ̀rọ̀ òkú wọn ni."

"Ta ló rí yín?"

"Kò séèyàn. Mo ṣàlàyé fún ọlọ́pàá. Daddy ní irọ́ ni mò ń pa. Wọ́n fi Bíbélì búra, Mummy. Mo wo ojú wọn, ó wá ń ṣe mí bí ẹni pé èmi gan-an ni mò ń purọ́."

"Ilẹ̀ ìdí òdòdó yẹn, báwo lo ṣe rí i?"

"Ó rọ̀ jù. Táyà ẹ̀rọ mi ń rì síbẹ̀. Mo rò pé páìpù kan ló bẹ́ lábẹ́ ilẹ̀."

Páìpù. Ọ̀rọ̀ náà tu Dókítà lára. Bó bá jẹ́ páìpù ló bẹ́, a jẹ́ pé kò sí ẹlẹ́ṣẹ̀, kò sì sí ẹni tí ojú máa tì. Ó bá ọ̀rọ̀ yẹn sùn.

Ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ ó padà sí Pearland. Kó tó kan ilẹ̀kùn, ó ṣí ìdérí mítà omi tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, ó sì wo ọfà pupa kékeré inú rẹ̀. Bí omi bá ń jò níbikíbi nínú ilé tàbí lábẹ́ ilẹ̀, ọfà yẹn kò ní lè dúró. Ó fi ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún wò ó. Kò mira.

"Ṣé páìpù ń jò ni?"

Obìnrin òyìnbó kan ló bi í bẹ́ẹ̀ láti ẹ̀yìn ọgbà kejì. Helen ni orúkọ rẹ̀. Ogún ọdún ló ti fi ṣe aládùúgbò ilé Adéṣígbìn. Dókítà dá a lóhùn pé kò sí ohun tó ń jò, pé ibi tí omi ti ń wá ni òun ń wá.

Ẹnu ya Helen. "Ibi tí omi ti ń wá? Ọwọ́ rẹ̀ ni. Ó máa ń bomi rin wọ́n láàárọ̀. Kò ní pẹ́, á tún jáde. Á tún jáde lọ́sàn-án. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè mo kà á di ẹ̀ẹ̀mẹfà."

"Ṣé ẹ bi í léèrè?"

"N kò bi í." Helen rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. "Mo rò pé bí ẹ ṣe máa ń ṣọ̀fọ̀ nílẹ̀ yín nìyẹn."

Dókítà dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì gba nọ́ńbà fóònù ọmọ Alàgbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó padà sínú ọkọ̀, ó jókòó síbẹ̀ láìṣíná rẹ̀, ó sì pe Zoe, ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí Alàgbà bí, tó ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní ilé ìwòsàn ní Medical Center ní Houston. Ó ní kó wá ní ọ̀sán. Kò sọ ìdí rẹ̀.

*

Àmọ́ ọ̀rọ̀ ẹnu aládùúgbò kò tó ẹ̀rí. Dókítà wọlé, ó bá Alàgbà jókòó ní pálọ̀, wọ́n ń sọ̀rọ̀ nípa iṣẹ́ tí ọkùnrin náà ti ṣe láyé. Páìpù omi ló ń ṣe. Ó ti fa omi dé ìlú tó ju ogójì lọ. Orúkọ àwọn ìlú náà, bí páìpù ibẹ̀ ṣe fẹ̀ tó, ọdún tí wọ́n ṣe é, gbogbo rẹ̀ ló ń kà bí ẹni ń ka ìwé. Ọpọlọ rẹ̀ mú. Dókítà bẹ̀rẹ̀ sí í rò pé bóyá Helen ṣe àṣìkà.

Nígbà tó di aago mẹ́wàá kọjá díẹ̀, Alàgbà wo ojú fèrèsé, ó sì dìde fùú. "Ẹ má bínú. N kò tíì bomi rin òdòdó Ọlábímpé lónìí." Ó jáde. Dókítà gbọ́ tí omi ń ya nínú rọ́bà ìbomirin. Nígbà tó wọlé, ó nu ọwọ́, ó jókòó, ó tún bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ níbi tó fi í sí.

Aago mọ́kànlá kò tíì lù tó fi tún wo fèrèsé. "Ẹ má bínú, Dókítà. N kò tíì bomi rin òdòdó Ọlábímpé lónìí."

Dókítà fẹ́ dá a dúró. Ọwọ́ rẹ̀ tiẹ̀ ti gbéra. Ṣùgbọ́n ó jókòó, ó ń gbọ́ ìró omi náà, omi sì ń bọ́ lójú òun náà.

Lẹ́ẹ̀kẹta, Alàgbà kò tíì sọ̀rọ̀ tí Dókítà ti mọ ohun tó fẹ́ sọ.

*

Zoe dé ní aago kan, aṣọ iṣẹ́ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Dókítà pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó sọ ohun tó rí fún un ní ṣókí.

"Auntie, ẹ jọ̀ọ́. Daddy is fine," ni Zoe wí kíákíá. "Wọ́n ń ṣọ̀fọ̀ ni."

"Ẹ̀ẹ̀melòó lo máa ń rí i lọ́sẹ̀?"

"Sunday. Àti lórí fóònù."

"Ṣé kò sí nǹkan kan tí ìwọ fúnra rẹ rí?"

Zoe wo ilẹ̀. "Last month wọ́n pè mí ní Ọlábímpé. Mo rẹ́rìn-ín. Auntie, I laughed." Ó fi ọwọ́ bo ẹnu.

Mùsílíù náà ti dé. Dókítà ló ní kó wá, kó dúró nítòsí. Bí Alàgbà ṣe rí i lẹ́nu ọ̀nà, ojú rẹ̀ le koko.

"Kí ni eléyìí wá ṣe nílé mi?"

"Èmi ni mo pè é, sà," ni Dókítà wí. "Iṣẹ́ omi lẹ fi gbogbo ayé yín ṣe. Ìṣòro kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ bá mi yanjú kí ẹ tó lé e."

Ó ṣí ọ̀rá kékeré náà sórí tábìlì, ó gbé amọ̀ tó bù láti ìdí igi lé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ó fi gbòǹgbò tó bó han Alàgbà. Ó ṣàlàyé pé àrùn kan wà nínú ilẹ̀ tí ojú kò lè rí, tó máa ń wẹ̀ nínú omi bí ẹja títí tó fi máa dé ara gbòǹgbò. Pé ibi tó bá gbẹ kò lè lọ. Pé inú ilẹ̀ amọ̀ tó kún fómi ni ó ti ń jọba.

"Oró ò lè ṣe báyìí?" ni Alàgbà bi í.

"Kò lè ṣe é. Bó bá jẹ́ oró, koríko ìdí wọn ti kú. Omi ni. Ibi tó ti wá ni mo fẹ́ kí ẹ bá mi wá."

Alàgbà fi ìka méjì fọ́ amọ̀ náà wò. Ara ẹnjiníà dìde nínú rẹ̀. "Òjò?"

"Kò rọ̀ láti ọjọ́ mẹ́rìnlélógún."

"Ẹ̀rọ tó ń fọ́n omi?"

"Ó wà ní pípa. Mo yẹ̀ ẹ́ wò."

"Páìpù tó jò ńkọ́? Ẹ wo mítà?"

"Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni mo fi wò ó. Kò yí."

"A jẹ́ pé ọwọ́ ènìyàn ni." Ó ń ṣírò. "Rọ́bà tó wà níta yẹn, bí omi rẹ̀ ṣe ń sáré sí, ẹ̀ẹ̀kan lóòjọ́ kò lè mú amọ̀ rí báyìí. Ó kéré tán, ẹ̀ẹ̀márùn-ún. Lójoojúmọ́, fún bí oṣù méjì." Ó gbójú sókè wo Mùsílíù. "Ìgbà mélòó lò ń wá síbí?"

"Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ méjì, Daddy."

"Kì í ṣe ìwọ nìyẹn. Ẹni tó ń gbé nítòsí ni." Ó ń wo yíká pálọ̀ bí ẹni ń wá ẹni karùn-ún tó fara pamọ́. "Ta ló ń gbé..."

Ó wo ẹsẹ̀ ṣòkòtò rẹ̀. Méjèèjì ló tutù jìnwìn títí dé orúnkún. Ẹrẹ̀ tútù wà létí sálúbàtà rẹ̀.

Zoe lọ kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Ẹ̀ẹ̀melòó ni mo ti jáde láàárọ̀ yìí, Dókítà?"

"Ẹ̀ẹ̀mẹta lójú mi, sà."

"Mo rántí ẹyọ kan." Ohùn rẹ̀ kò gbọ̀n, ìyẹn gan-an ló dun Dókítà jù. "Ìgò yẹn ńkọ́? Ṣé èmi ni mo gbé e fún un lóòótọ́?"

"Ẹ̀yin ni, Daddy," ni Mùsílíù dáhùn jẹ́jẹ́.

"Mo fi Bíbélì búra." Ó mi orí. "Èmi ni mo pa òdòdó Ọlábímpé. Èmi náà ni mo tún fẹ́ pa ọmọ ọlọ́mọ mọ́ ọn."

"Ẹ gbọ́ mi, sà," ni Dókítà wí. Ó fa àga rẹ̀ súnmọ́ ọn. "Bí gbòǹgbò bá ti rà, kò lè fa omi mọ́. Ewé á wá rọ, á máa ṣe bí ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ. Ẹni tó bá fẹ́ràn rẹ̀ á rí i, á sì tún bomi sí i. Mo ti rí àgbẹ̀ tó gbọ́n jù mí lọ tó ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ kò pa á pẹ̀lú ìkà."

"Ṣé ó ní ìtọ́jú?"

"Àwọn mẹ́rin yẹn ti lọ. Ká hú wọn tìdítìdí, ká kó wọn sínú ọ̀rá dànù, ká fọ irin tí a bá fi hú wọn. A kò gbọdọ̀ tún gbin asélíà síbẹ̀. A máa gbé àwọn mẹ́ta tó yè lọ sórí ebè gíga tí wọ́n fi èèpo igi páìnì ṣe, kí omi lè máa yọ́ lábẹ́ wọn, ká sì fi omi ọṣẹ tí wọ́n ṣe fún ewéko fọ abẹ́ ewé wọn kí àwọn kòkòrò yẹn lè kúrò. Àwọn méjì tó sorí kọ́, n kò lè ṣèlérí. Ká gbé àwọn náà sókè, ká dúró ti Ọlọ́run. Ká má sì bomi sí ìkankan láìjẹ́ pé a ki ìka bọ ilẹ̀, tó sì gbẹ."

Alàgbà gbọ́ gbogbo rẹ̀. "Òdòdó ni mo bi yín yẹn. Èmi náà ńkọ́? Ṣé tèmi ní ìtọ́jú?"

Dókítà mọ̀ pé òun lè fi ọ̀rọ̀ dídùn tù ú nínú. Ó rántí ìwé tó fi ìkánjú kọ lọ́dún kẹtàlá sẹ́yìn, kò sì lè ṣe é. "N kò mọ̀, sà. Ewéko ni mo kọ́. Ṣùgbọ́n àwọn tó mọ̀ ọ́n wà, kò sì dára kí ènìyàn máa méfò nígbà tí àyẹ̀wò wà."

"Monday, Daddy," ni Zoe wí. "Èmi máa gbé yín lọ. Mo máa sùn síbí títí di Monday."

"Ó dáa." Alàgbà na ọwọ́. "Ẹ bá mi gbé fóònù. Mo fẹ́ pe ọlọ́pàá yẹn nísinsìnyí, kí n tó gbàgbé."

Òun fúnra rẹ̀ ló bá ọlọ́pàá sọ̀rọ̀, lédè Gẹ̀ẹ́sì tó gún régé. Ó ní òun fa ẹ̀sùn náà sẹ́yìn, pé òun ni òun fún Mùsílíù ní ìgò, pé ìrántí òun kò dára mọ́. Ó ní kí wọ́n kọ gbólóhùn tó kẹ́yìn yẹn sílẹ̀. Ó fún wọn ní nọ́ńbà Zoe kí wọ́n lè bi í bí ọ̀rọ̀ bá yí padà lẹ́nu òun lọ́la. Lẹ́yìn náà ló pe ilé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó ti lé Mùsílíù, lọ́kọ̀ọ̀kan. Ilé kejì kò gbé e. Ó fi ohùn sílẹ̀ fún wọn.

Nígbà tó parí, ó wo Mùsílíù. "Ọmọ mi, má bínú."

Mùsílíù ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Daddy, ẹ má sọ bẹ́ẹ̀."

"Jẹ́ kí n sọ ọ́. Ó lè jẹ́ pé n kò ní rántí láti sọ ọ́ mọ́."

Ó ní kí wọ́n bá òun wá bébà àti bírò tí inki rẹ̀ dúdú. Ó jókòó sídìí tábìlì, ó kọ lẹ́tà ńláńlá bí àwọn ẹnjiníà ṣe máa ń kọ ọ́ sórí àwòrán iṣẹ́, ó ń fara balẹ̀ fi àmì sórí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan. Ó kà á sókè fún wọn:

"Olúṣínà, o ti bomi rin wọ́n lónìí. Kì í ṣe Mùsílíù ló pa wọ́n. Omi ni. Ọwọ́ ara rẹ lo fi kọ èyí."

Ó fọwọ́ sí i, ó kọ déètì. Ó wo bébà náà pẹ́, ó sì tì í sọ́wọ́ Mùsílíù pẹ̀lú bírò.

"Bá mi kọ nọ́ńbà fóònù rẹ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀," ó ní, "kí n lè rí ẹni bi bí n kò bá gba ara mi gbọ́."

Mùsílíù kọ ọ́. Zoe wá téèpù, wọ́n sì jáde lọ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri, lókè ẹnu ẹ̀rọ omi tí rọ́bà ìbomirin so mọ́.